Ó Yé Wa, Mà

Bí ẹnì kan bá tún ní kí n jẹ́ kí kíláàsì orí fóònù dùn mọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́, màá dìde kúrò níwájú rẹ̀ ni. Mo ti gbọ́ ọ tó. Gbogbo ọ̀nà tí wọ́n kà sílẹ̀ fún wa níbi ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n kó àwa olùkọ́ lọ ni mo dán wò, mi ò fi ọ̀kan sílẹ̀.

Ìṣirò ni mò ń kọ́ àwọn tó fẹ́ di tíṣà iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ní Abẹ́òkúta níbí. Nígbà tí owó ọkọ̀ àti owó yàrá fò sókè, tí àwọn ará ọ̀nà jíjìn ń di ẹrù wọn padà sílé, iléèwé ní kí wọ́n máa dara pọ̀ mọ́ wa lórí fóònù. Bí ìdajì kíláàsì ṣe jókòó níwájú mi nìyẹn, tí ìdajì yòókù wà nínú láptọ́ọ̀pù tí mo gbé ka orí tábìlì.

Ọmọbìnrin kan láti Ọ̀fàdà wà nínú àwọn ti inú láptọ́ọ̀pù yìí. Kí n má parọ́, òun ni mo fẹ́ràn jù. Nígbà tó ṣì ń wá sí kíláàsì, òun nìkan ṣoṣo ló lè na ọwọ́ sókè kó ní, "Kò yé mi, mà." Ẹni tó bá ti kọ́ ọmọ wa rí á mọ ohun tí mò ń sọ. Bí o bá bi wọ́n bóyá ó yé wọn, wọ́n á ní ó yé àwọn, torí lójú tiwọn, ẹni tó bá ní kò yé òun ti sọ pé àgbà ò mọ iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn. Ọ̀wọ̀ ni, ṣùgbọ́n ọ̀wọ̀ náà ti ba ìṣirò jẹ́. Ọmọ yìí ò bìkítà. Á ní kò yé òun, màá tún un sọ, á tún ní kò yé òun, títí inú á fi bẹ̀rẹ̀ sí bí mi. Lẹ́yìn náà ni yóò wá yé òun àti gbogbo àwọn tó ń fi í rẹ́rìn-ín. Mo máa ń rò ó pé kíláàsì tí irú tíṣà bẹ́ẹ̀ bá wọ̀ lọ́jọ́ kan, orí àwọn ọmọ ibẹ̀ dára.

Láti ìgbà tó ti bọ́ sórí fóònù, mi ò gbọ́ "kò yé mi" yẹn mọ́. Ìyẹn ló ń já mi láyà.

Ni mo bá bẹ̀rẹ̀ eré. Mo gbé kóńgò àti ìrẹsì síwájú kámẹ́rà, mò ń wọ̀n ọ́n ní ìdajì-ìdajì láti fi hàn wọ́n ìdí tí iye fi ń pọ̀ sí i bí a bá fi ìdajì pín nǹkan. Mo ní kí kálukú máa fi ohùn ara rẹ̀ kí wa kí a tó bẹ̀rẹ̀. Mo pín wọn sí ẹgbẹ́ kéékèèké kí wọ́n lè jọ sọ̀rọ̀. Mo yọjú sí ọ̀kan nínú àwọn ẹgbẹ́ náà, kò sẹ́ni tó ń fọhùn, àfi ewúrẹ́ kan tó ń ké lẹ́yìnkùlé ẹnì kan. Bí mo bá kọjú sí yàrá, ẹ̀yìn mi ni àwọn ti inú láptọ́ọ̀pù ń wò. Bí mo bá kọjú sí láptọ́ọ̀pù, àwọn ti inú yàrá á bẹ̀rẹ̀ sí tòògbé. Mo máa ń délé, àárẹ̀ ò ní jẹ́ kí n lè dá ọkọ mi lóhùn.

Lọ́jọ́ kan, mo pa máìkì láti bá àwọn kan wí nínú yàrá, mo sì gbàgbé láti ṣí i padà. Mo kọ́ni, mo kọ́ni, mò ń ju ọwọ́ sọ́tùn-ún sósì. Nígbà tí mo parí, mo tẹ̀ síwájú kámẹ́rà, mo bi wọ́n bí mo ti máa ń bi wọ́n, pé ṣé ó yé wọn. Ìdáhùn ń rọ́ wọlé: "Ó yé wa, mà." "Ẹ kú làálàá, mà." "Ó yé mi, mà. Ọlọ́run á dá yín sí fún wa." Ọmọ Ọ̀fàdà ló kọ èyí tó kẹ́yìn yẹn. Inú mi dùn! Ìgbà tí mò ń palẹ̀ mọ́ ni mo tó rí i pé máìkì ò ṣí. Kò sẹ́ni tó gbọ́ nǹkan kan nínú wọn. Ẹnu mi tó ń ṣí tó ń pa dé ni wọ́n ń wò, wọn ò sì fẹ́ dójú tì mí.

Mo jókòó padà sórí àga, mo sunkún.

Kò pẹ́ sí i ni ọmọ náà ò wọlé mọ́ rárá. Mo pè é títí, kò gbé e. Nígbà tó di Sátidé, mo wọkọ̀ lọ sí Ọ̀fàdà ní Kuto, a gba Kọ́bapẹ́ kọjá, mo sì fi ọ̀kadà parí ìrìn náà. Mo bèèrè títí wọ́n fi júwe ilé wọn fún mi. Òun àti ìyá rẹ̀ ló wà níwájú ilé, tí wọ́n ń ṣa òkúta kúrò nínú ìrẹsì lórí atẹ. Ọmọ náà kúnlẹ̀ kí mi.

"Háà, ẹ̀yin ni!" ni ìyá rẹ̀ wí. "Ẹ kú ọ̀nà o. A máa ń rí yín nínú fóònù. Ẹ máa ń sọ̀rọ̀ gan-an ni."

Mo bi ọmọ náà pé kí ló dé. Ó wo ilẹ̀ kó tó fèsì.

"Níbẹ̀rẹ̀, mo máa ń sọ pé kò yé mi, mà. Ṣùgbọ́n kí ohùn mi tó dé ọ̀dọ̀ yín, ẹ ti kọjá ibẹ̀. Mo wá ń tẹ̀ ẹ́ ránṣẹ́. Kí ẹ tó wò ó, ‘ó yé wa, ó yé wa’ àwọn yòókù ti bò ó mọ́lẹ̀."

"O ò bá pè mí."

"Ó ti ń rẹ̀ yín, mà. A ń rí i lójú yín."

Mo jókòó sórí àpótí, mo gba kóńgò lọ́wọ́ ìyá rẹ̀, mo sì bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ìdajì yẹn látìbẹ̀rẹ̀, díẹ̀díẹ̀. Kò sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì láàárín wa, kò sí kámẹ́rà. Mò ń wọn ìrẹsì, mò ń dà á, mò ń ṣàlàyé. Ojú mi ni ọmọ náà ń wò, kò wo kóńgò.

"Ó yé mi, mà," ló wí, kí n tó bi í rárá. "Ọlọ́run á dá yín sí fún wa."

Mo mọ̀ pé kò yé e. Mò ń bẹ Ọlọ́run nínú mi pé kí ọmọ náà na ọwọ́ sókè. Ó fa atẹ mọ́ra, ó sì ń ṣa òkúta rẹ̀ lọ.