Orúkọ Òkúta Tí Kò Tó Hóró Iyọ̀

Nígbà tó dájú pé kò sí ìwé tó tíì mẹ́nu kan òkúta tí mo rí, ó ku ká sọ ọ́ lórúkọ. Ẹ̀yà bórétì ni, ìbátan bóráàsì tí àwọn alágbẹ̀dẹ wúrà ń lò. Òfin iṣẹ́ àwa onímọ̀ òkúta kò gbà kí ẹni tó rí òkúta fi orúkọ ara rẹ̀ pè é. Ó dùn mí, torí mo ti dán tèmi wò nínú balùwẹ̀, ó sì dún dáadáa.

Ọ̀gá ẹ̀ka wa yà sí ọ́fíìsì mi, ó tún táì rẹ̀ ṣe. “Orúkọ tèmi ò ṣòro fún òyìnbó láti pè o.”

Fọ́ọ̀mù ìgbéga mi wà lórí tábìlì rẹ̀. Mo ní, “Màá rò ó, sà.”

Mo gbé ọ̀rọ̀ náà lọ bá ìyá mi ní Enuwá.

“Báwo ló ṣe tóbi tó?”

“Kò tó hóró iyọ̀, mà.”

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. “Ẹ̀yin ọ̀mọ̀wé! Ibo lo ti rí i?”

“Létí odò ọ̀nà oko bàbá wa.”

“Odò yẹn ò lórúkọ ni?”

Orúkọ odò náà ni mo fi ránṣẹ́ sí ìgbìmọ̀ tó ń fọwọ́ sí orúkọ òkúta, ìgbìmọ̀ náà sì gbà á. Ọ̀gá mi bọ̀ mí lọ́wọ́, ó buwọ́ lu fọ́ọ̀mù mi, ó wá rọra béèrè bóyá òkúta mìíràn ṣì kù létí odò ọ̀hún.