Ife Ẹni Tó Kọ́kọ́ Dé
Mo sá fún àwọn agbébọn lábúlé wá sí Ìlọrin, ṣọ́ọ̀ṣì wa ní àdúgbò Ṣàngó níbẹ̀ sì ní kí n máa bójú tó ẹgbẹ́ ọmọdé. Wọ́n ń pẹ́ dé, ni mo bá ní ẹni tó bá kọ́kọ́ dé yóò gba ife-ẹ̀yẹ. Lọ́jọ́ Ìsinmi kejì, mo bá ọmọbìnrin ọlọ́dún méje kan lẹ́nu géètì, ilẹ̀ ò tíì mọ́ tán. Ó dá nìkan rìn wá ni.

“Àǹtí, ife mi dà? Màmá mi ṣì ń sùn!”

Mo rántí àwọn agbébọn tí mo sá fún. Mo fún un, mo sì fagi lé ẹ̀bùn náà.

Nígbà tí àwọn ọmọ tó kù gbọ́, wọ́n ní, “Ẹ̀rù ń ba Àǹtí!” Wọn ò parọ́. Ọmọ mẹ́ta péré ló ń wá báyìí, mi ò sì mọ ohun tí mo tún lè fi pè wọ́n.