Wọ́n Dárí Jì Mí Lórí Káàdì Tí N Kò Jí

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ bá mi jókòó díẹ̀. Ohun kan ṣẹlẹ̀ sí mi ní Àtìkọrí, ní Ìjẹ̀bú-Igbó níbí, ó ṣì ń dùn mí títí di ìsinsìnyí, bí n kò bá sì kọ ọ́ síta, màá di ẹni tó ń dá sọ̀rọ̀ lójú títì.

Àwọn tó mọ̀ mí mọ̀ pé kọ̀ǹpútà ni èmi Wálé ń tà, tí mo sì ń tún ṣe. Tòkunbọ̀ ló pọ̀ jù nínú ọjà mi. Ọmọ Mákùn-Omi ni mí, ṣùgbọ́n Ìjẹ̀bú-Igbó ni mo ti kọ́ṣẹ́, ibẹ̀ náà ni mo gba ṣọ́ọ̀bù sí. Ẹni tí kò ní bàbá, tí kò ní ẹ̀gbọ́n nílùú tó ń gbé, kí ló ní? Orúkọ rẹ̀ nìkan ni. Tí wọ́n bá ti ń sọ pé ọmọkùnrin ará omi yẹn kì í parọ́, ọjà á tà. Tí wọ́n bá wá sọ òdìkejì rẹ̀ ńkọ́? Ẹ ó gbọ́ o.

Màmá Ṣeun àti èmi jọ ń lọ sí ìjọ kan náà ni. Aládùúrà ni wá, àwa aláṣọ funfun. Ṣeun ọmọ wọn wọ yunifásítì ní Àgọ́-Ìwòyè, ó ń kọ́ nípa ilẹ̀ àti odò, orí kọ̀ǹpútà ni wọ́n sì ti ń ya máàpù. Màmá ní kí n bá wọn wá láptọ́ọ̀pù tí káàdì àwòrán rẹ̀ lágbára, nítorí ètò tí wọ́n fi ń ya máàpù yẹn kì í ṣiṣẹ́ lórí ahẹrẹpẹ.

Mo wá a títí mo fi rí i. Ojú Ṣeun àti màmá rẹ̀ ni mo ṣe tàn án, tí mo fi orúkọ káàdì náà hàn wọ́n lójú ẹ̀rọ. Inú wọn dùn débi pé wọ́n gbé e wá sí ṣọ́ọ̀ṣì kí Wòlíì lè yà á sí mímọ́. Omi àdúrà ti wà lọ́wọ́ Wòlíì kí n tó sáré dìde. Mo ní ẹ jọ̀ọ́, Bàbá, ẹ má wọ́n ọn sórí kíbọ́ọ̀dù o! Gbogbo ìjọ rẹ́rìn-ín.

Nígbà tó yá, Ṣeun gbé e wá fún mi pé ó ń gbóná. Mo tú u, mo nu fáànù inú rẹ̀, ó gbé e lọ lọ́jọ́ kejì. Ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí òun ni wọ́n fi mú mi.

Ní ọjọ́ kan ni Màmá Ṣeun dé iwájú ṣọ́ọ̀bù mi. Wọn ò kí mi. Wọ́n ní ètò máàpù ti kọ̀, kò ṣí mọ́, ó ní káàdì inú ẹ̀rọ náà kéré. Ṣeun yẹ̀ ẹ́ wò, orúkọ mìíràn ló bá níbẹ̀, kì í ṣe èyí tí mo fi hàn wọ́n. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ló wá là á lójú pé bẹ́ẹ̀ làwọn tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe máa ń ṣe, wọ́n á yọ ojúlówó, wọ́n á ki ayédèrú bọ̀ ọ́.

Mo ní Màmá, ẹ jẹ́ kí n wò ó. Wọ́n ní kí n wo kí ni? Ṣé kí n tún lè yọ èyí tó kù? Mo ṣàlàyé pé wọ́n jó káàdì yẹn mọ́ inú ẹ̀rọ ni, pé kì í ṣe ohun téèyàn ń yọ bí ẹni yọ bátìrì. Ta ló gbọ́? Màmá ti sọ̀ kalẹ̀ sínú èdè Ìjẹ̀bú paraku, èrò ti pé lé wa lórí, mo sì gbọ́ tí ẹnì kan ń sọ lẹ́yìn pé ará Mákùn-Omi ni, ta ló mọ ilé wọn?

Ọ̀rọ̀ náà gún mi lọ́kàn.

Ní ìsìn àárín ọ̀sẹ̀, Màmá Ṣeun gbé kókó àdúrà dìde. Wọ́n ní gbogbo ẹni tó bá mú ohun tí kì í ṣe tirẹ̀ nínú ìjọ yìí, kí ara má rọ̀ ọ́ títí yóò fi dá a padà. Àmín ńlá sọ! Èmi ò ṣe é. Kí ni n ó ṣe àmín sí, nígbà tí mo mọ̀ pé èmi ni wọ́n ń gbé àdúrà ọ̀hún lé lórí? Ṣùgbọ́n wọ́n ń wo ẹnu mi. Láti ọjọ́ yẹn ló ti di pé Wálé kò lè ṣe àmín, ẹ̀rí ọkàn ló ń dà á láàmú.

Èmi ni mo máa ń bójú tó ẹ̀rọ gbohùngbohùn ìjọ. Wọ́n ní kí n sinmi díẹ̀ ná. Oníbàárà mi kan láti ìlú Awà wá kó ẹ̀rọ rẹ̀ tí mo ti tú palẹ̀, ó ní òun á máa gbé e lọ bẹ́ẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ṣọ́ọ̀bù ń pa rọ́rọ́ lójú mi.

Mo bínú dìde, mo lọ bá Ṣeun ní Àgọ́-Ìwòyè. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí n wò ó lójú ara rẹ̀. Abẹ́ igi kan nínú ọgbà iléèwé la jókòó sí. Lóòótọ́, orúkọ tí kì í ṣe tirẹ̀ ló gbé jáde. Mo bi í pé ta ló fọ́ọ̀màtì ẹ̀rọ yìí, tó pa gbogbo inú rẹ̀ rẹ́? Ó ní bùrọ̀dá kan nítòsí géètì iléèwé ni, nígbà tí kòkòrò fáírọ́ọ̀sì wọ̀ ọ́ lẹ́yìn tó gbé e kúrò lọ́dọ̀ mi, inú fíláàṣì rẹ̀ ló sì ti kó gbogbo ètò tó fi sí i.

Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún. Dráífà ni! Ètò kékeré tó ń sọ irú káàdì tó wà nínú kọ̀ǹpútà fún kọ̀ǹpútà là ń pè bẹ́ẹ̀. Èyí tó wà nínú fíláàṣì ọkùnrin yẹn ti gbó, wọ́n ti ṣe é kí wọ́n tó ṣe káàdì yìí rárá. Kò dá a mọ̀, ló bá pè é ní orúkọ èyí tó mọ̀.

Mo dojú láptọ́ọ̀pù dé, mo ka nọ́ńbà rẹ̀, mo lọ sórí íńtánẹ́ẹ̀tì níbi tí àwọn tó ṣe é ń kó dráífà tuntun sí. Mo yọ ti àtijọ́ kúrò, mo fi tuntun sí i, mo pa á, mo tún un tàn. Orúkọ káàdì yọ, ojúlówó rẹ̀! Ṣeun ṣí iṣẹ́ rẹ̀, máàpù ìjọba ìbílẹ̀ Ògùn Wọ́tásáìdì ló ń yà, mo sì rí Mákùn-Omi wa létí omi níbẹ̀.

Ṣeun kúnlẹ̀ pé kí Bùrọ̀dá Wálé má bínú. Ojú mi ló ṣe pe màmá rẹ̀, ó ṣàlàyé dráífà, ó ní Bùrọ̀dá Wálé kò mú nǹkan kan. Mo gbọ́ tí Màmá pariwo halelúyà nínú fóònù. Mo ní ó tán. Mo fọ sùtánà mi, mo lọ̀ ọ́, mo ń retí ọjọ́ Ìsinmi bí ọmọdé ṣe ń retí ọdún.

Nígbà tí àkókò ẹ̀rí tó, Màmá Ṣeun jáde. Wọ́n ní ẹ bá mi yin Ọlọ́run! Káàdì tí wọ́n jí nínú ẹ̀rọ ọmọ mi ti padà bọ̀ sípò! Wọ́n ní àdúrà tí ìjọ gbà ni kò jẹ́ kí ẹni tó mú un rí oorun sùn, tó fi fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá Ṣeun lọ sí Àgọ́-Ìwòyè!

Ìjọ bú sí orin. Mo wo Ṣeun, ilẹ̀ ló ń wò. Lẹ́yìn ìsìn ló sọ fún mi pé òun bẹ màmá òun kí wọ́n lọ tún un sọ, wọ́n ní wọn kì í tún ẹ̀rí jẹ́.

Nítorí náà, ẹ jọ̀ọ́, tí kọ̀ǹpútà yín bá ń pe káàdì rẹ̀ ní orúkọ tí ẹ ò mọ̀, ẹ wo dráífà rẹ̀ kí ẹ tó wo ojú ẹni tó tà á fún yín. Ẹ̀yin tí wọ́n ti dárí ohun tí ẹ ò ṣe jì rí, ẹ kọ tiyín sísàlẹ̀ kí n kà á. Kí lẹ ṣe lọ́jọ́ náà? Ní tèmi, Màmá Ṣeun dì mọ́ mi níwájú pẹpẹ, wọ́n ní àwọn ti dárí jì mí. Wòlíì gbọ́wọ́ lé mi lórí, ó ní kí Ọlọ́run má jẹ́ kí n padà sídìí olè mọ́.

Gbogbo ìjọ ń wo ẹnu mi. Mo ṣe àmín.