Ààlà Tí Kíkẹ́lọmọ Gbìn

Bí ẹ bá dé Ìsàlẹ̀-Àpáta, abúlé kékeré tó wà láàárín Ògìdì àti Ìkòyí lápá Kàbà, tí ẹ sì béèrè Kíkẹ́lọmọ Bámigbóyè, wọn á nawọ́ sí ilé rẹ̀ fún yín, àmọ́ wọn ò ní bá yín dé ẹnu ọ̀nà. Inú máa ń bí mi tí mo bá ti ronú kan ọ̀rọ̀ náà, títí dòní mi ò sì tíì mọ ẹni tí mò ń bínú sí. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí, kí ẹ̀yin náà bá mi dá a.

Opó ni Kíkẹ́lọmọ. Ó ṣì ń pọn Tiwalọlá, ọmọ kan ṣoṣo tó bí, nígbà tí Dáníẹ́lì ọkọ rẹ̀ kú. Oko káṣú tó wà ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè nìkan ni ọkùnrin náà fi sílẹ̀ fún un. Àwọn méjèèjì ló jọ gbin káṣú ọ̀hún. Obìnrin yìí ló ń ru omi láti odò gun òkè nínú ẹ̀ẹ̀rùn kí ọ̀dọ́ igi má baà kú, tòun ti oyún nínú. Ibẹ̀ náà ló ti ń wa iṣu tó ń jẹ, ibẹ̀ ló sì ti rí owó tó fi rán ọmọ níwèé títí ọmọ fi wọ iléèwé gíga ní Kàbà. Kì í ṣe aláriwo rárá. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá fẹ́ mọ̀ pé ó lè jà, ẹ fọwọ́ kan oko yẹn. Ó máa ń sọ fún Tiwalọlá pé, "Ọmọ mi, ibi tí bàbá rẹ kù sí nìyí o. Tí wọ́n bá gbà á lọ́wọ́ mi, mo ti di ẹni ilẹ̀."

Ìgbà tí ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ atẹ́gùn dé, a ò kọ́kọ́ mọ ohun tí wọ́n ń wí. Wọ́n ní ilé-iṣẹ́ kan fẹ́ ri àwọn òpó gìrìwò mọ́ orí òkè wa, òpó tí apá mẹ́ta wà lórí rẹ̀, tí atẹ́gùn á máa yí, tí iná mànàmáná á sì máa tibẹ̀ jáde. Fáànù la sọ ọ́. "Fáànù kẹ̀! Ta ni ooru ń mú lórí òkè?" Inúmidùn tó ń din àkàrà lẹ́bàá títì ló sọ bẹ́ẹ̀, a sì rẹ́rìn-ín títí. Ẹ̀rín náà ò pẹ́ lẹ́nu wa. A gbọ́ pé wọ́n máa la ọ̀nà ńlá gba inú oko, pé wọ́n máa gé káṣú, pé wọ́n máa sọgbà yí gbogbo gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ náà ká, àti pé orí wáyà gíga ni iná ọ̀hún máa gbà kọjá lórí wa lọ sí ìlú ńlá. Àwa tí à ń fi tọ́ọ̀ṣì fóònù jẹun alẹ́! Ẹ gbà mí o.

Babátọ́pẹ́ ló ṣáájú wa nínú ìjà náà. Díákónì ni, ó ti darúgbó, oko rẹ̀ sì bá oko Kíkẹ́lọmọ pààlà. Ó pe gbogbo ìlú jọ sí pápá iléèwé, ó ní, "Ẹ gbọ́. Àwọn ènìyàn yìí ti fẹnu ara wọn sọ ọ́ pé àwọn ò lè ri òpó mọ́ ilẹ̀ tí àwọn ò bá mọ ẹni tó ni ín àti ibi tó pin sí. Iná ọ̀gbẹlẹ̀ ti jó gbogbo pérégún tí àwọn bàbá wa gbìn sí ààlà. Àwa nìkan ló kù tó mọ̀ ọ́n. Kí ẹnikẹ́ni má mú wọn rin ààlà. Kò sí ìjà, kò sí òkò. Ẹ ṣáà panu mọ́, ó máa sú wọn." Gbogbo wa gbà. Kíkẹ́lọmọ ló kọ́kọ́ dìde láàárín àwọn obìnrin tó ní òun gbà.

Kò sì fi ẹnu lásán gbà á. Lọ́jọ́ tí ọkọ̀ ilé-iṣẹ́ náà fẹ́ gun òkè, àárín ọ̀nà ló tẹ́ ìborùn sí, ó jókòó, ó gbé ẹ̀wà rẹ̀ kalẹ̀, ó ń ṣà á. Awakọ̀ fọn fèrè títí. Obìnrin yìí ò gbójú sókè. Ẹni tí ilé-iṣẹ́ náà fi ṣe agbẹnusọ, ọmọ Yàgbà kan tó ń jẹ́ Adétáyọ̀, sọ̀ kalẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ kí i, ó bẹ̀ ẹ́, bẹ́ẹ̀ náà ló ń ṣa ẹ̀wà. Ni wọ́n bá yí ọkọ̀ padà. Odidi ọ̀sẹ̀ la fi yin obìnrin náà. Inúmidùn fún un ní àkàrà lọ́fẹ̀ẹ́, èyí tí kì í ṣe fún bàbá tó bí i lọ́mọ pàápàá.

Àfi bí Philip ṣe wálé ọdún Àjíǹde láti Lókójà. Àbúrò ọkọ rẹ̀ ni, iṣẹ́ ìjọba ló ń ṣe. Èèyàn burúkú kọ́ o, ohun tó dùn mí níbẹ̀ nìyẹn. Ó jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ní, "Ìyàwó wa, ẹ̀rù ilẹ̀ yẹn ń bà mí. Ilẹ̀ tí kò bá lámì, igbó lásán ni wọ́n máa kà á sí. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá gba agbára dé, kí lo máa nawọ́ sí pé tìrẹ nìyí?"

"Bọ̀dá, ṣebí gbogbo ìlú ló mọ̀ pé ti ẹ̀gbọ́n yín ni?"

"Ìlú? Ṣé ìlú ló máa bá ọ dúró ní kóòtù?"

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ lára. Philip padà síbi iṣẹ́, àmọ́ ọkàn Kíkẹ́lọmọ ò balẹ̀ mọ́. Nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀, ó lọ gé pérégún létí odò, ó dì í lẹ́rù, ó gun òkè. Dáníẹ́lì ti mú un rin ààlà náà kí ó tó kú, kò sì gbàgbé ibì kan. Ibi tí igi àtijọ́ wà gan-an ló ri tuntun mọ́. Kò yà sínú ilẹ̀ Babátọ́pẹ́ rárá, kò sì jẹ́ kí tirẹ̀ dín. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ohun tó rò ni pé òun sàmì sí tòun ni, òun ò mú ẹnikẹ́ni rìn ín, òun ò sì da àdéhùn ìlú. Ẹ wo ìrònú yẹn dáadáa, kí ẹ wá sọ ibi tó ti ṣẹ̀ fún mi.

Pérégún kì í pẹ́ mú ilẹ̀. Nígbà tí òjò fi máa dá, ó ti yọrí, koríko tó yí i ká ti pọ́n, òun nìkan ló tutù yọ̀yọ̀ lórí òkè. Ilé-iṣẹ́ náà ní ẹ̀rọ kékeré kan tó máa ń fò kiri tó ń ya fọ́tò láti òkè. Òyìnbó tó bá wọn wá wo fọ́tò náà, ó rò pé òdòdó ni. Ṣùgbọ́n ọmọ ilé wa ni Adétáyọ̀. Ó mọ ohun tí pérégún tó tò gbọọrọ ń wí.

Àárọ̀ ọjọ́ kan ni wọ́n mú Babátọ́pẹ́ dé orí ilẹ̀ náà, àwọn àgbà ìlú tẹ̀ lé wọn. Kíkẹ́lọmọ wà níbẹ̀, ó ń wa iṣu. Bó ṣe rí wọn ní ìdí pérégún, ọkọ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ìgbà yẹn ló tó yé e.

Adétáyọ̀ ní, "Bàbá, ẹ má bínú. Ṣé ààlà ẹ̀yin àti ìyá yìí rèé?"

Babátọ́pẹ́ rin ọ̀wọ́ pérégún náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó ń wo ìdí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ń wá èyí tó yà. Tó bá rí ẹyọ kan tó wọ inú ilẹ̀ rẹ̀, ìjà ààlà dé nìyẹn, ẹjọ́ dé, kò sì sí ilé-iṣẹ́ tó máa ri òpó mọ́ ilẹ̀ tí wọ́n ń ṣẹjọ́ lé lórí. Kíkẹ́lọmọ ń fi ojú bẹ̀ ẹ́ pé kó purọ́ mọ́ òun. Ó ń wí nínú ara rẹ̀ pé, "Pè mí lólè. Jọ̀ọ́, bàbá, pè mí lólè."

Baba náà padà dé, ojú rẹ̀ ti pọ́n. Díákónì ni, kò purọ́ rí, ara rẹ̀ ò sì gbà á. "Ààlà wa ni," ló wí. Ó wá kọjú sí obìnrin náà. "Kíkẹ́, ká ní o tilẹ̀ jí ìwọ̀n ẹsẹ̀ kan ṣoṣo lára ilẹ̀ mi! Ǹ bá rí nǹkan sọ."

Ó tán. Bí ilẹ̀ Kíkẹ́lọmọ ṣe hàn ni ẹ̀gbẹ́ kan ilẹ̀ Babátọ́pẹ́ hàn, ẹni tó bá Babátọ́pẹ́ pààlà ò wá lè sọ pé òun ò mọ tòun mọ́. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń mú wọn jẹ́wọ́ láti oko dé oko, títí gbogbo gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ náà fi wọ inú máàpù, tí ìjọba sì fọwọ́ sí i. Kíkẹ́lọmọ sáré lọ hú pérégún náà. Ó hú u títí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ fi bó. Òpó símẹ́ńtì kéékèèké tí ilé-iṣẹ́ fi sàmì ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ gbogbo wọn.

Tiwalọlá wálé láti Kàbà, ó bá ìyá rẹ̀ nílẹ̀ẹ́lẹ̀. "Ìyá, kí ló dé tí ẹ ò bi ẹnì kankan?"

"Mo rò pé mò ń dáàbò bo oko bàbá rẹ ni."

Ọmọ náà jókòó tì í, àwọn méjèèjì sunkún títí ó fi sú wọn.

Kò sẹ́ni tó bú u ní ìlú. Ì bá sàn ká ní wọ́n bú u. Wọ́n kàn ń yà fún un lọ́nà ni. Inúmidùn á wé àkàrà fún un, á gbowó, á sì kọjú sí ẹlòmíì.

Wọ́n gé káṣú lóṣù tó yẹ kó tanná. Lẹ́yìn náà ni ilé-iṣẹ́ ṣe ayẹyẹ ní ìsàlẹ̀ òkè, wọ́n ta kánópì, àwọn èèyàn ńlá wá láti Lókójà àti Àbújá, wọ́n sì ránṣẹ́ pe gbogbo ìlú. Adétáyọ̀ gba máíkì. Kò ní èrò ibi lọ́kàn, mo mọ̀ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n orí mi máa ń gbóná tí mo bá rántí. Ó ní, "Ìyá kan wà níbí tó jẹ́ pé àmì tó fi sí ilẹ̀ rẹ̀ ló la ọ̀nà fún iṣẹ́ yìí. Ẹ bá mi pàtẹ́wọ́ fún Ìyá Tiwalọlá!" Wọ́n fà á jáde. Wọ́n fi máíkì sí i lọ́wọ́.

Ó fẹ́ sọ fún wa pé kì í ṣe báyìí lòun ṣe rò ó. Ó fẹ́ bẹ̀ wá. Ó wo ojú wa lọ́kọ̀ọ̀kan, ó wo Babátọ́pẹ́. Ohun tó jáde ò ju ìkíni wa lọ.

"Okun o."

Okun la fi ń kí ara wa lọ́dọ̀ tiwa, dandan sì ni kí á dá a lóhùn. Aláìsàn ń dá a lóhùn lórí ẹní. Ẹni tí a ń bá ṣẹjọ́, tó bá ní okun, a ó dáhùn kí á tó máa jà lọ. Mi ò rí i rí láyé mi kí ẹnìkan kí okun kí ìlú dákẹ́.

A dákẹ́. Èmi náà dákẹ́. Babátọ́pẹ́ ń wo ilẹ̀.

Bóyá ó rò pé máíkì ni ò gbé ohùn òun. Ó sún un mọ́ ẹnu, ó sì tún un kí, ó kígbe díẹ̀ sí i. "Okun o!"

Adétáyọ̀ àti àwọn àlejò tó wà lábẹ́ kánópì nìkan ló dá a lóhùn.