Ìlà Kan Ṣoṣo Ló Ṣẹ́ Kù

Ẹni ọdún mẹ́tàlélógójì ni Mùjíbátù nígbà tó wọ ilé ìwé gíga láti lọ kọ́ ìmọ̀ ìṣirò. Títí di ìgbà náà, àwọn ọmọ kíláàsì kẹrin ló ń kọ́ ní abúlé kan lẹ́yìn Mọ́níyà. Àwọn ará ilé bi í léèrè ohun tó fẹ́ fi ìwé kún ìwé ṣe. Ó ní òun fẹ́ràn ìṣirò ni, kò sì ṣàlàyé jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Gbogbo Sátidé ló máa ń gun ọ̀kadà lọ sí Ajíbọ́dé, sí yàrá tí Olúmidé háyà, kí wọ́n lè jọ kàwé. Olúmidé àti Ọlámipọ̀sí, tí wọ́n jọ wà ní kíláàsì pẹ̀lú rẹ̀, kò tíì pé ọmọ ọdún méjìlélógún. Àǹtí Mùjí ni wọ́n máa ń pè é.

Lọ́sẹ̀ kan, olùkọ́ wọn, Dókítà Ìyàndá, fún wọn níṣẹ́ àmúrelé. Ó to nọ́ńbà mẹ́sàn-án sí ìlà mẹ́ta, èyí tí wọ́n ń pè ní mátíríìsì. Ìlà kìíní ni ọ̀kan, méjì, mẹ́rin. Ìkejì ni méjì, mẹ́rin, ọ̀kan. Ìkẹta ni mẹ́rin, ọ̀kan, méjì. Ó ní kí wọ́n wá nọ́ńbà mẹ́ta tó jẹ́ pé, bí a bá fi wọ́n lọ́po nọ́ńbà ìlà kọ̀ọ̀kan lẹ́sẹẹsẹ, tí a sì rò wọ́n pọ̀, òdo ni yóò jáde. Ṣùgbọ́n ìṣirò oní-méje ni: bí nǹkan bá ti pé méje, ó di òdo.

Olúmidé ti fi kọ̀ǹpútà rẹ̀ ṣe é. Ó ní òdo, òdo, òdo nìkan ni ìdáhùn tó wà. Ohun tí Ọlámipọ̀sí náà rí nìyẹn. Mùjíbátù wo ìwé náà díẹ̀, ó ní ìdáhùn mìíràn wà, wọ́n sì pọ̀.

"Kọ̀ǹpútà kì í ṣì í, Àǹtí," ni Olúmidé wí.

"Kò ṣì í. Ohun tí o bi í ló dáhùn. O ò sọ fún un pé òdo ni méje."

Ó ní kí wọ́n rò ó bí ọjọ́: bí ọjọ́ mẹ́jọ bá kọjá lẹ́yìn Jímọ̀, Sátidé la ó wà, bí ìgbà tí ọjọ́ kan péré kọjá. Ọ̀kan ni mẹ́jọ jẹ́ níbí. Ó wá fi méjì lọ́po ìlà kìíní, ìlà kejì gan-an ló jáde. Ó fi mẹ́rin lọ́po rẹ̀, ìkẹta jáde. Méjèèjì kò mú ọ̀rọ̀ tuntun wá, ó sì fagi lé wọn.

Ìlà kan ṣẹ́ kù. Nọ́ńbà mẹ́ta ni wọ́n ń wá, ìlà kan ló dè wọ́n, nítorí náà méjì wà lómìnira. Ó fi nọ́ńbà kejì ṣe ọ̀kan, ó fi ìkẹta ṣe òdo. Kí ìlà náà lè di òdo, nọ́ńbà kìíní ní láti jẹ́ márùn-ún, torí márùn-ún àti méjì jẹ́ méje. Ó tún fi ìkejì ṣe òdo, ìkẹta ọ̀kan. Ìkíní di mẹ́ta. Ọlámipọ̀sí fọwọ́ ara rẹ̀ yẹ̀ ẹ́ wò. Méje, mẹ́rìnlá tàbí mọ́kànlélógún ló ń jáde ṣáá.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, Olúmidé dìde, ó sọ fún olùkọ́ pé Àǹtí Mùjí ló rí i. Dókítà Ìyàndá pe Mùjíbátù síwájú, obìnrin náà sì kọ ìdáhùn méjèèjì sójú pátákó.

"Màámi, báwo lẹ ṣe mọ̀ pé méjì yìí tó?"

Mùjíbátù na ọwọ́ sí pátákó. "Ẹ mú ìdáhùn tó bá wù yín, sà. Nọ́ńbà kejì rẹ̀ ló ń sọ iye ìgbà tí ẹ ó mú ti àkọ́kọ́ yìí. Ìkẹta ló ń sọ iye ìgbà tí ẹ ó mú èkejì. Nọ́ńbà kìíní kò ní yíyàn, ó gbọ́dọ̀ tẹ̀lé wọn ni. Mọ́kàndínláàádọ́ta ni gbogbo ìdáhùn, ìpìlẹ̀ méjì yìí ló bí wọn. Bí ẹ bá yọ ọ̀kan, méje péré ló máa kù."

Olùkọ́ mi orí, ó ní kó má tíì jókòó, ó sì kọ ìṣirò mìíràn fún un.

Láti ọ̀sẹ̀ náà ni yàrá Olúmidé kò ti gba àwọn tó ń wá kọ́ ìṣirò lọ́dọ̀ Àǹtí Mùjí ní Sátidé mọ́. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ onílé ni wọ́n ń tẹ́ ẹní sí. Mùjíbátù ti parí báyìí, ilé ìwé girama kan ní Mọ́níyà ló ti ń kọ́ni. Lóṣù tó kọjá, ó gba fọ́ọ̀mù oyè kejì, Ọlámipọ̀sí ló bá a fi ránṣẹ́.