Ibùsùn Inú Tírélà Dádì

Bí òórùn dísẹ́ẹ̀lì bá ti gba imú mi, ọ̀sán ọjọ́ kan ní Festac ni mo máa ń rántí.

Dádì ra tírélà àlòkù kan, ó pààrọ̀ ẹ́ńjìnnì rẹ̀, ó sì ní kí wẹ́dà ṣe ibùsùn sẹ́yìn ìjókòó awakọ̀. Mo dùbúlẹ̀ lórí fóòmù tuntun náà, ẹ́ńjìnnì ń gbọ̀n mí jìgìjìgì, inú mi ń dùn.

Mọ́mì dúró nílẹ̀. "Dádì Bùnmi, ìgbà wo lẹ máa dé?"

"Tí mo bá ti já ẹrù ní Kánò ni."

Ó gbé mi sọ̀kalẹ̀, ó sì wakọ̀ lọ. Mo juwọ́ títí èéfín fi tán. Mọ́mì ò juwọ́.

Mo ti dàgbà kí n tó mọ̀ pé ìyàwó mìíràn ló ń lọ bá, àti pé Mọ́mì mọ̀ pé kò ní padà.

Síbẹ̀, nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ó bu oúnjẹ Dádì sọ́tọ̀, ó sì fi àwo dé e.