Aṣọ Ìyàwó Tí Etí Ẹ̀ Ò Pàdé

Ẹ tún ń sọ pé ọ̀rẹ́ ló ba bùrọ̀dá mi jẹ́. Ẹ ò sí níbẹ̀. Èmi wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí ìyá ìyàwó kan dé láti Ìwéré-Ilé, tó ró aṣọ òfì tuntun ọmọ ẹ̀ mọ́ ìdí lábẹ́ àtíbàbà wa ní Ìsẹ́yìn, tó ń fà á, tí etí ẹ̀ méjèèjì ò pàdé. Ìgbéyàwó ku ọjọ́ mẹ́rin.

"Bàbá, ṣé ọmọ ìkókó lẹ hun èyí fún?"

Bàbá àgbà, bàbá tó bí bàbá mi, ló hun ún. Kì í lo téèpù. Ìgbọ̀nwọ́ ẹ̀ ló fi ń wọn aṣọ, gbogbo ìlú ló sì gba ìgbọ̀nwọ́ yẹn gbọ́. Èmi ni mo máa ń ká òwú fún un. Ara ẹ̀ máa ń rùn bí ẹ̀kọ tí wọ́n fi ń mú òwú le, mo fẹ́ràn ẹ̀ gan-an.

Bùrọ̀dá, àbúrò bàbá mi, ló ń bá a hun. Ọwọ́ ẹ̀ dáa, mi ò ní purọ́. Àmọ́ ó ti so jígí mọ́ òpó òfì. Tó bá ti ju ọ̀kọ̀, igi tó ń gbé òwú kọjá, lẹ́ẹ̀mẹ́ta, á wojú. Ọ̀rẹ́ ẹ̀ tó ń kó ọjà láti Kútọnu á wá gbé ọ̀kadà dúró: "Fáìn bọ̀ì, ìwọ tó rẹwà báyìí, ìdí òfì lo máa gbó sí? Ẹ ń hun tàwọn ẹlòmíì, kí ni tìẹ?" Bùrọ̀dá á máa rẹ́rìn-ín bí ọmọge.

Ọjọ́ Jímọ̀ kan, bàbá àgbà lọ kírun, bùrọ̀dá gé díẹ̀díẹ̀ kúrò létí gbogbo awẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ tí a fẹ́ rán pọ̀ di aṣọ ìyàwó náà, ó ní òun á fi rán fìlà àti wésíkọ́ọ̀tù. Mo rí i. Ó fún mi ní bisikíìtì, mo jẹ ẹ́.

Lọ́jọ́ tí aṣọ ò pàdé yìí, bàbá àgbà wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì níwájú ìyá ìyàwó. Ó gbójú sókè, ó wo bùrọ̀dá. Bùrọ̀dá ń wo jígí.

"Ẹ má bínú, ìyá ìyàwó," bàbá àgbà wí. "Apá mi ló ti ń súnkì. Mo ti dàgbà."

"Wọ́n ti ń sọ pé ẹ ti dàgbà jù, mi ò gbà. Màá kúkú sọ fáwọn ará ilé wa kí wọ́n máa gbé tiwọn lọ ibòmíì."

Bùrọ̀dá gbọ́ ọ. Ó fọwọ́ tún irun ẹ̀ ṣe. Mo ní, "Bùrọ̀dá ló gé e. Fìlà ẹ̀ wà nínú báàgì ẹ̀."

Wọ́n nà mí o. Bàbá mi ló nà mí, pé mo dójú ti ẹbí. Bùrọ̀dá gbé báàgì, ó gun ẹ̀yìn ọ̀kadà ọ̀rẹ́ ẹ̀, ó lọ. Bàbá àgbà ò bá mi wí, kò sì gbè mí. Ọjọ́ mẹ́ta ló fi hun òmíì, òun nìkan, kò sọ fún mi ju "màmá mi, ká òwú wá" lọ.

Bùrọ̀dá ò padà sídìí òfì mọ́. Ọjọ́ tí a sin bàbá àgbà, ó dé pẹ̀lú awò dúdú lójú, ó ń ya fọ́tò ara ẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ sàréè.

Wọ́n ní ẹnu mi ló lé e kúrò nílé. Bóyá òótọ́ ni. Títí dòní, tí àgbà kan bá ń gba ẹ̀bi ọmọ ẹ̀ rù níwájú mi, màá sọ ohun tí mo bá rí. Ẹ̀yin tó ń pè mí ní ẹlẹ́nu yìí, ká ní ẹ̀yin lẹ jókòó síbẹ̀, ṣé ẹ máa dákẹ́?